Ẹ̀kọ́ Kẹrìnlá: Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́

Ẹ ka àyọkà yìí lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó dáhùn ìbéèrè.

Ní ọdún 2012, Hugo Obi dá ilé-iṣẹ́ Maliyo Games sílẹ̀ ní ìlú Èkó. Owó wọn kò tó ti àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń ṣe géèmù ní Amẹ́ríkà. Géèmù kéékèèké ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú Okada Ride, ọ̀kadà ni à ń gùn. Nínú Mosquito Smasher, ẹ̀fọn ni à ń pa. Ta ni kò mọ ọ̀kadà ní Èkó? Ta ni ẹ̀fọn kò jẹ rí? Irú èrò bẹ́ẹ̀ wà ní ìgboro. A kì í fi owó rà á.

Ní 2024, eré kátúùnù Iwájú jáde láti ọ̀dọ̀ Disney. Maliyo ló ṣe géèmù tó bá a rìn, Rising Chef, níbi tí a ti ń se oúnjẹ.

Bí owó bá tán kí iṣẹ́ tó parí, òṣìṣẹ́ á lọ ilé, géèmù á sì kú. Nítorí náà, ẹ dín títóbi iṣẹ́ kù, ẹ má dín dídára rẹ̀ kù. Ìtẹ́ eku kékeré kò tóbi, àmọ́ eku ń sùn dáadáa nínú rẹ̀.

Gírámà: kàkà kí
Kàkà kí n jẹ gbèsè, màá ṣe èyí tí agbára mi ká.

Iṣẹ́ ṣíṣe
1. Báwo ni òwe àkòrí yìí ṣe bá ìtàn Maliyo mu?
2. Ẹ fẹ́ ṣe géèmù nípa àdúgbò yín, ṣùgbọ́n owó oṣù mẹ́ta péré ló wà. Kí ni ẹ máa yọ kúrò? Kí ni ẹ kò ní yọ láéláé? Ẹ lo *kàkà kí* lẹ́ẹ̀mejì.