Yíyan Ọ̀dà Aláìláwọ̀ fún Ẹ̀yà Ọkọ̀

Bí ènìyàn bá dúró ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ọ̀sán gangan, yóò rí ojú ara rẹ̀ lára ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń wo dígí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀dà pupa tàbí ọ̀dà dúdú tí a fi kùn ún ni ó ń dán bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1980 síwájú ni ó ti di àṣà ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ọkọ̀ láti kùn ún ní ìpele ìpele. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ irin, ọ̀dà aláwọ̀ ni yóò tẹ̀ lé e, ọ̀dà kan tí kò ní àwọ̀ rárá, tí ó mọ́ gaara bí omi òjò, ni yóò sì bo gbogbo rẹ̀. Èyí ìkẹyìn yìí ni àwọn akunkọ̀ ń pè ní kílíà. Òun ni ó ń dán. Òun náà ni oòrùn, òjò, eruku àti ìgbẹ́ ẹyẹ ń kọ́kọ́ bá jà. Bí ó bá ti bó, kì í pẹ́ tí àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò fi ṣá, bí irin bá sì wà ní ìhòòhò, ìpáàrà dé nìyẹn.

Ní ọdún 1949 ni Edward Seymour, ará ìlú Sycamore ní Illinois, ní Amẹ́ríkà, fi ọ̀dà àti afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ra sínú agolo kan náà, tí ọ̀dà fi ń fọ́n jáde bí a bá tẹ orí agolo náà. Láti ìgbà náà ni ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ìfọ́nda ti lè ra agolo kan kí ó sì fi tún rímù tàbí iná iwájú ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìsọ̀ lónìí, agolo kílíà tò lọ bẹẹrẹ, gbogbo wọn ni a sì kọ ọ́ sí lára pé wọn yóò pẹ́. Báwo ni a ó ti ṣe mọ èyí tí yóò pẹ́ ní tòótọ́?

Kí a má wo bí ó ti ń dán. Gbogbo wọn ni ó ń dán ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ọ̀dà inú agolo náà ti ń gbẹ ni kí a wádìí. Ẹ jẹ́ kí a mú iyọ̀ àti sìmẹ́ńtì wò. Bí a bá yọ́ iyọ̀ sínú omi, tí a sì sá a sí oòrùn, omi yóò gbẹ, iyọ̀ yóò sì kù. Ṣùgbọ́n bí a bá tún da omi lé e, yóò tún yọ́. Bí a bá po sìmẹ́ńtì, tí ó sì gan, kò sí iye omi tí a lè dà lé e tí yóò tún sọ ọ́ di ẹlẹ́bọ̀. Bí iyọ̀ ni àwọn kílíà kan rí. Tínnà inú wọn a fẹ́ lọ, ọ̀dà a sì kù sí ara irin. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí epo bẹntiróòlù tàbí omi bíréèkì bá ta sí i, yóò rọ̀, yóò sì wú. Àwọn mìíràn dà bí sìmẹ́ńtì: èròjà méjì ni ó para pọ̀ tí ó sì di ohun kẹta tí kò ní yọ́ mọ́. Polyurethane ni orúkọ ohun kẹta náà, iṣẹ́ tí Otto Bayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe ní Jámánì ní ọdún 1937. A rí àwọn kan tí ó wà láàárín méjèèjì, tí afẹ́fẹ́ tí a ń mí ń mú le díẹ̀díẹ̀. Wọ́n sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọn kò tó ti ìkejì.

Ara agolo ni a ó ti kà á. Bí a bá kọ 1K sí i, ọ̀dà náà dá wà. Bí ó bá jẹ́ 2K, èròjà méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà K yìí ti inú èdè Jámánì wá, òun ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún èròjà. Agolo 2K ní àpò kékeré nínú, hádínà ni ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ lò ó yóò tẹ ohun kan ní ìdí agolo, àpò náà yóò bẹ́, yóò sì mi agolo náà dáadáa. Láti ìṣẹ́jú náà ni ọjọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pé: nínú ọjọ́ kan tàbí méjì, ìyókù yóò gan mọ́ inú agolo, owó ẹni a sì bá a lọ. Nítorí náà kí a tó tẹ̀ ẹ́, kí ohun gbogbo ti wà ní ìmúrasílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé le jù nìyí. Hádínà náà ní èròjà tí a ń pè ní isocyanate, èròjà yìí sì wà lára ohun tí ó ń fi ikọ́ fée ṣe àwọn akunkọ̀ jù lọ káàkiri ayé. Kì í fi òórùn kìlọ̀ fún ènìyàn. Ẹni tí kò gbóòórùn ohunkóhun lè ti fà á sí ẹ̀dọ̀fóró. Bí ara ẹnì kan bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kín-ún lè sé èémí rẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Aṣọ tí a dì mọ́ imú kò lè dá a dúró, bẹ́ẹ̀ ni ìbòmú eruku lásán kò lè ṣe é. Ìbòmú tí ó ní asẹ́ fún oòyì ọ̀dà àti fún ẹ̀kán rẹ̀, ìbọ̀wọ́, awò ojú, àti ìta gbangba tí kò sí ọmọdé nítòsí ni a fi ń lò ó. Ní tèmi, ọmọ ilé-ìwé tí kò ní irú ìbòmú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan 2K rárá, ìbáà jẹ́ ọ̀fẹ́ ni a fi fún un. Kí ó lo 1K kí ó sì tún un kùn nígbà tí ó bá ṣá, tàbí kí ó gbé ẹ̀yà ọkọ̀ náà lọ fún akunkọ̀ tí ó ní irinṣẹ́. Àtúnkùn kò ju ìnáwó díẹ̀ lọ.

Ẹ̀yà tí a fẹ́ kùn pàápàá ní ohun tí yóò sọ. Rímù ń gba gbígbóná bíréèkì àti ẹrẹ̀ ọ̀nà, nítorí náà 2K ni ó yẹ ẹ́. Ike ni wọ́n fi ṣe gíláàsì iná iwájú ọkọ̀, ìtànṣán oòrùn ni ó sì ń sọ ọ́ di ìyeyè. Kílíà tí a kọ sí lára pé ó ń dènà ìtànṣán náà ni kí a wá. Fún ẹ́ńjìnnì, kílíà lásán yóò pọ́n, yóò sì bó. Èyí tí a ṣe fún ooru wà, iye ooru tí ó lè gbà sì wà lára agolo rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ọkọ̀, tí òjò kò ń pa, 1K tó o.

Ọ̀pọ̀ kílíà tí ó ń bó, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀bi wà. Bí òróró ìka ọwọ́ bá wà lára irin, tàbí tí ojú rẹ̀ ń dán tí a kò fi sáńpépà kíkúnná pa dídán náà, kílíà kò ní rí ibi dì mú. Ojú ọjọ́ náà ṣe pàtàkì. Bí tínnà ti ń fẹ́ lọ ni ó ń mú ojú ọ̀dà tutù, bí afẹ́fẹ́ bá sì kún fún ọ̀rinrin bí ti ìgbà òjò wa, omi yóò sẹ̀ sí i, kílíà yóò sì funfun bí ẹni pé kùrukùru bò ó. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku ni ọ̀tá. Kí a jìnnà sí ẹ̀yà náà tó sẹ̀ǹtímítà 25, kí a fọ́n ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kí a sì fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárín, àfi bí agolo bá sọ òmíràn. Ẹni tí ó bá kánjú fọ́n ọ́n nípọn ní ẹ̀ẹ̀kan yóò rí i tí yóò máa ṣàn wálẹ̀ bí omijé.

Kí a kun pákànpala páànù kan pẹ̀lú ẹ̀yà ọkọ̀ náà ní ọjọ́ kan náà. Gbígbẹ tí ọwọ́ gbà kì í ṣe líle tí ó tó. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí a rẹ àkísà sínú epo bẹntiróòlù díẹ̀, níbi tí kò sí iná, kí a sì fi nu páànù náà ní ìgbà mẹ́wàá. Bí ojú rẹ̀ bá ń lẹ̀, kí epo má ṣe kan ẹ̀yà náà; bí ó bá ṣì ń dán bí ti tẹ́lẹ̀, a lè dè é padà sí ara ọkọ̀.