Ẹ̀KỌ́ TI OṢÙ YÌÍ: Ẹ TẸ́ ILẸ̀ KÍ Ẹ TÓ GBÉ IRIN

Ọ̀pọ̀ wa ní Ikeja àti Agege ló ń ra irin ìdárayá sílé báyìí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹnìkan nínú wa já irin sórí táìlì ilé tó háyà. Owó táìlì ju owó irin lọ. Nítorí náà, ilẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ rò.

Kápẹ́ẹ̀tì ń mu òógùn, á sì máa rùn. Fóòmù dára fún ìnara, ṣùgbọ́n ó ń rì lábẹ́ ẹni tó gbé irin. Ẹsẹ̀ lè yẹ̀. Rọ́bà tó le ló dára jù. A kì í ṣe àjèjì sí rọ́bà: Dunlop ṣe táyà ní Ikeja títí di 2008. Táyà àlòkù tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, ni wọ́n fi ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀. Mílímítà 10 tó fún irin kékeré. Fún irin wúwo, ẹ wá 20.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Yàrá mítà 3 sí 4 jẹ́ 12. Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ máa tẹ́ ni? Rárá o! Ibi tí irin ń balẹ̀, mítà 2 sí 2, jẹ́ 4 péré: ìdá kan nínú mẹ́ta owó.

Ní ọjà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Bó bá wọnú bíi búrẹ́dì Agege, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ rọra gbé irin kalẹ̀: rọ́bà ń dín ariwo kù ni, kò pa á.