Kí ẹ tó fọ́ àjà ṣọ́ọ̀bù yín: Oríṣi mesothelioma mẹ́rin àti ibi tí wọ́n ń mú lára

Bí oníṣòwò bá gba ṣọ́ọ̀bù àtijọ́ ní Táíwò Road, Ìlọrin, ó ní láti tún un ṣe kó tó patẹ ọjà. Yóò kun ògiri, yóò sì ní kí káfíńtà tú àjà tó ti gbó dànù. Káfíńtà á fi òòlù fọ́ ọ, eruku á sọ, ọmọọṣẹ́ á fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí àjà náà bá jẹ́ asbẹ́sítọ́ọ̀sì, gbèsè ni eruku yẹn. Ó lè tó 20 ọdún sí 50 ọdún kó tó wá sin owó rẹ̀.

Mesothelioma ni wọ́n ń pe gbèsè náà. Jẹjẹrẹ ni, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo àwọn ẹ̀yà inú ara ló sì ń mú. Oríṣi mẹ́rin ló wà:

1. Ti àyà: Ó ń mú awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró. Òun ló wọ́pọ̀ jù, ó tó mẹ́ta nínú aláìsàn mẹ́rin. Èémí kì í tó, àyà á máa dunni, omi á sì gbára jọ síbẹ̀.

2. Ti ikùn: Awọ tó bo ìfun àti inú ikùn ló ń mú. Ikùn á wú, aláìsàn á sì máa rù.

3. Ti ọkàn: Awọ tó yí ọkàn ká ló ń mú. Kò wọ́pọ̀ rárá.

4. Ti kórópọ̀n: Awọ tó bo kórópọ̀n ọkùnrin ló ń mú. Òun ló ṣọ̀wọ́n jù.

Ẹ má rò pé àwọn tó ń wa asbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú ilẹ̀ nìkan ló kàn. Lọ́dún 1960, Dókítà J.C. Wagner àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa aláìsàn 33 ní South Africa. Àwọn kan nínú wọn kò ṣiṣẹ́ ìwakùsà rí, ìtòsí ibẹ̀ ni wọ́n kàn gbé. Britain fòfin de asbẹ́sítọ́ọ̀sì lọ́dún 1999, South Africa lọ́dún 2008, ṣùgbọ́n òfin kì í yọ èyí tó ti wà lórí ilé tẹ́lẹ̀.

Kí ni kí ẹ ṣe? Bí àjà náà kò bá tíì fọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ kàn kùn ún. Bó bá di dandan kí ẹ tú u, ẹ wá ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ẹ fi omi rin ín dáadáa, ẹ yọ ọ́ lódidi, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ, ẹ má sì gbá eruku rẹ̀ ní gbígbẹ. Ìbòmú aláṣọ lásán kò lè dá eruku náà dúró. Ẹ má wọ aṣọ iṣẹ́ náà délé bá ọmọ.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ó lè wà nínú bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì mọ́tò àtijọ́. Ẹ má fi atẹ́gùn kọ̀mpírẹ́sọ̀ fẹ́ eruku wọn, aṣọ tútù ni kí ẹ fi nù ún.

Bí èémí bá ń ṣòro fún yín, ẹ sọ gbogbo iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe rí fún dókítà, kódà bó ti pé 30 ọdún. Àmì àìsàn yìí jọ ti ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí dókítà kò bá mọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe, ó lè má ronú kàn án.