Kí Ló Ń Dí Wọn Lọ́wọ́?

Àkànní, jókòó. Fi fóònù yẹn sílẹ̀, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo ti wo fíìmù tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ṣe. Mo wò ó tán, mo tún padà wò ó, nítorí ọmọ mi ni ọ́, n kò sì ní fi ojú kan dá ẹjọ́ rẹ. Àwòrán rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Bí ẹ ṣe dúró lórí òkè Mápó ní Ìbàdàn níbí tí ẹ ya àwọn òrùlé páànù Ọjà'ba, orí mi wú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ síwájú pé fíìmù ìfẹ́ apanilẹ́rìn-ín ni. Ìfẹ́ ọ̀hún dà? Ẹ̀rín ọ̀hún dà?

Ọmọkùnrin rí ọmọbìnrin ní Bẹẹrẹ, ó kí i, ọmọbìnrin dáhùn. Kí a tó ṣẹ́jú, wọ́n ti di ọwọ́ ara wọn mú, orin ti ń dún. Láti ibẹ̀ dé òpin, kò sí ohun kan tó dí wọn lọ́wọ́. Nígbà tí ẹ wá rí i pé ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín, ẹ lọ mú ọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò gbọ̀ngbọ̀n, ẹ ní kó máa ṣubú sí gọ́tà. Kí ló kan ìfẹ́ àwọn méjèèjì nínú ìyẹn? Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ìtàn yín ò ní mọ̀ pé ó ti lọ. Ibẹ̀ gan-an ni fíìmù yín kú sí.

Ó dùn mí pé ìwọ lo ṣe irú èyí, ìwọ tí o máa ń bá mi gbé báàgì lọ sóde ìdána láti kékeré! Kí ni èmi alága ìjókòó ń ṣe níbẹ̀? Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé a máa fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ìdílé méjèèjì ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ti dá ọjọ́, ọbẹ̀ ti wà lórí iná. Síbẹ̀, bí ẹbí ọkọ bá dé, mo dá wọn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n sanwó kí wọ́n tó wọlé. Ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀, mo ní àyà ẹnì kan ò kanlẹ̀, kí gbogbo wọn tún un ṣe. Alága ìdúró ń bẹ̀bẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín? Ọmọkùnrin náà ń làágùn. Ó fẹ́ ìyàwó rẹ̀, ẹnì kan sì dí ẹnu ọ̀nà. Bí kò bá fẹ́ ẹ dénú, ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ò lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Bí èmi náà bá sì jẹ́ kó wọlé wẹ́rẹ́, oúnjẹ nìkan la wá jẹ.

Ohun tí mo fẹ́ kí o dì mú nìyí: inú ohun tó ń dí ìfẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀rín fíìmù ìfẹ́ ti ń wá. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, ṣùgbọ́n àwa òǹwòran fẹ́ rí i bí ẹnu àáké yẹn ṣe ń ṣẹ́. Àwọn ìyá wa àgbà mọ èyí. Láyé wọn, alárenà á lọ, á bọ̀, ọkùnrin á san ìṣíhùn, kó tó gbọ́ ohùn ọmọbìnrin.

Wo The Wedding Party tí Kẹ́mi Adétiba darí, tó dé sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2016. Owó tó lé ní 400 mílíọ̀nù náírà ló wọlé fún un, kò sì sí fíìmù Nàìjíríà tó pawó tó bẹ́ẹ̀ ní sinimá ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan ní gèlè àti aṣọ olówó ńlá ló tà á. N ò gbà. Dúnní ìyàwó ti pa ara rẹ̀ mọ́ de ọkọ, Dozie ọkọ rẹ̀ sì ti lé obìnrin kiri kó tó pàdé rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà wá kí ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìtàn náà, ojú àlejò ni gbogbo rẹ̀ sì ti ń tú. Bí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, ìyá Dúnní nínú fíìmù náà, ṣe ń jó tó ń pariwo, a rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n ìyá tí àwọn àna rẹ̀ ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ni, owó ọkọ rẹ̀ sì ti ń gbẹ. Ayọ̀ aláriwo yẹn ló fi ń bo ẹ̀rù mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé apá kejì lọ sí Dubai ní 2017, owó tún wọlé, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ìlú náà la ń wò, a ò wo olólùfẹ́ mọ́.

Phone Swap tí Kúnlé Afọláyan ṣe ní 2012 ni ẹ̀kọ́ rẹ pọ̀ sí jù. Mary tó ń ránṣọ àti Akin ọ̀gá ilé-iṣẹ́ gbé fóònù ara wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Obìnrin bá ara rẹ̀ ní Àbújá láàrin àwọn ọlọ́fíìsì, ọkùnrin bá ara rẹ̀ ní Òwerri láàrin ẹbí ọmọbìnrin. Wọn ò sí níbì kan náà fún ọ̀pọ̀ nínú fíìmù náà, ẹ̀rín ò sì dáwọ́ dúró. Nínú ilé ẹlòmíràn ni ọkùnrin líle yẹn ti rọ̀. Àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n tipẹ́: ìwọ lo fi It Happened One Night tí Frank Capra ṣe ní 1934 hàn mí, èyí tó gba Oscar ńlá márùn-ún. Aṣọ tí wọ́n ta sórí okùn láàrin bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin àti ti obìnrin ló gbé e. Ẹ ò ní okùn, ẹ ò ní aṣọ!

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin inú fíìmù rẹ tún kù. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ láti òwúrọ̀ dalẹ́. Kí ni iṣẹ́ rẹ̀? Kí ni ó máa ń bínú sí? Wo Ó Le Kú. Kì í ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín, ìparí rẹ̀ korò, ṣùgbọ́n Ìbàdàn wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìwé rẹ̀ ní 1974, Túndé Kèlání sì sọ ọ́ di fíìmù ní 1997. Àjàní, ọkùnrin inú rẹ̀, fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà, àwọn ọmọbìnrin tó ń fẹ́ sì ní ìwà tiwọn. Nígbà tí fíìmù náà jáde, àwọn obìnrin ń rán ìró àti bùbá kékeré irú tiwọn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ta ló máa rán aṣọ ọmọbìnrin tìrẹ?

Ìdènà ò wọ́n débi tí o fi máa wá a kiri Èkó. Ṣebí Béyẹrúnkà la wà! Ní agbo ilé, àwọn méjì ò lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kí ìyá mẹ́ta má bi wọ́n pé kí ni. Jẹ́ kí ìyá ọmọkùnrin àti ìyá ọmọbìnrin máa ta èlùbọ́ ní ìsọ̀ tó fara kan ara wọn ní Ọjà'ba, kí wọ́n má máa kí ara wọn nítorí owó èsúsú. Kí àwọn ọmọ máa rán oníbàárà sí ara wọn. Kí ẹbí wádìí ìdílé, kí bàbá àgbà kan dìde pé ó dà bí ẹni pé ìbátan ni wọ́n, kí gbogbo agbo ilé wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìran. Háà! Mo ti ń rẹ́rìn-ín, àyà mi sì ti ń já. Ṣùgbọ́n má fi àṣìgbọ́ tí ìpè fóònù kan lè tú ṣe ìdènà. Àwa tí a sanwó wọlé kì í ṣe òmùgọ̀.

O mọ iṣẹ́ yìí, ọmọ mi, ìkánjú lo fi ṣe é. Lọ tún un kọ. Jẹ́ kí wọ́n fẹ́ ara wọn dénú, fi nǹkan gidi dí wọn lọ́wọ́, kí o sì jẹ́ kí a rí ohun tí ojú wọn máa rí. Má fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́ kí àwa òǹwòran tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ọ́.