Ta Ni Kó Mọ Ògiri Ààlà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òkè?

Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o ni kò ní gbàgbé. Ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ ilé tí a ń kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè nìyẹn, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Ẹfọ̀n Aláayè. Ẹnì kan ra ilẹ̀ nísàlẹ̀, ó gbé katapílà wá, ó gé ẹsẹ̀ òkè kí ilẹ̀ rẹ̀ lè tẹ́jú, ó kọ́lé, ó sì kó wọ̀ ọ́. Ó ti gbàgbé. Lọ́jọ́ tí òjò ńlá bá rọ̀, tí ilẹ̀ onílé òkè ya, tí fẹ́ǹsì rẹ̀ wó, ọjọ́ náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀: ta ni kó mọ ògiri tí yóò dá ilẹ̀ dúró?

Àwọn kan ní ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ ń ya ni. Àwọn mìíràn ní ẹni tí yóò ya lù ni. Èmi ò fara mọ́ ìkankan. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé, ta ló yí ilẹ̀ padà? Bó bá jẹ́ pé ará ìsàlẹ̀ ló gé e, òun ló ni ìnáwó ògiri. Bó bá jẹ́ pé ará òkè ló kó yẹ̀pẹ̀ kún tirẹ̀ kó lè ga, ọrùn rẹ̀ ló wà. Bí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ kàn án, kí wọ́n jọ san án.

Òfin tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, tí ilé ẹjọ́ wa ní Nàìjíríà ṣì ń lò, kò jìnnà sí èyí. Ilẹ̀, bí Ẹlẹ́dàá ṣe fi í lélẹ̀, ní ẹ̀tọ́ pé kí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ máa gbé e ró. Ẹni tó gbẹ́ tirẹ̀ títí tí tẹnì kejì fi wó yóò dáhùn fún un, ìbáà tilẹ̀ fara balẹ̀ gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ẹ̀tọ́ ilẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹni tó gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ka etí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò gbọdọ̀ rò pé aládùúgbò ni yóò máa bá òun ru ìwúwo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti omi, nítorí omi ló ń wó ògiri jù. Fẹ́ǹsì búlọ́ọ̀kù tí a fi ń dènà olè kò lè dènà òkè. Yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tó kún ihò oní mítà kan níbùú, lóòró àti ní jíjìn lè wúwo tó tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀. Bí omi bá rin ín gbingbin, ó ń lọ sí méjì, omi náà á sì tún máa ti ògiri fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń da òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri tó ń dá ilẹ̀ dúró, tí a sì ń ti páìpù kéékèèké bọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Bíríkìlà tó bá ní kò pọn dandan ń fi owó rẹ ṣòfò. Bí ògiri bá máa ga ju mítà kan lọ, wá ẹnjiníà. Kí ìpìlẹ̀ rẹ̀ má sì kọjá ààlà, nítorí ó máa ń fẹ̀ ju ògiri lọ.

Ìwọ ará òkè náà, ẹni tó da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó da omi òrùlé àti omi balùwẹ̀ sẹ́yìn ògiri aládùúgbò kò ní tẹ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. La gọ́tà, kí o darí omi rẹ sí ojú títì.

Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ̀ ọ́. Ògiri tó sán, tó yọ ikùn, tàbí tí páìpù rẹ̀ kò da omi mọ́ lẹ́yìn òjò, ti ń ké sí aládùúgbò méjèèjì.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ẹ pe sọ̀fíyọ̀ kó fi ààlà hàn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ẹni tí yóò mọ ògiri àti ẹni tí yóò máa tún un ṣe, kí ẹgbẹ́ onílé àdúgbò ṣe ẹlẹ́rìí, kí ẹni tó bá ra ilé lọ́la sì rí ìwé náà kó tó sanwó. Ìwọ tó fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó ń bọ̀, jọ̀wọ́, lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò rẹ kí katapílà tó dé.