ÀJẸ́ KÉ LÁNÀÁ, ỌMỌ KÚ LÓNÌÍ: TA NI Ó KÉ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí kò ṣàjèjì sí ilé kankan ní Ìsẹ́yìn: ọ̀rọ̀ obìnrin tí ń fò.

Àwọn baba ńlá wa gbà pé àgbàlagbà obìnrin lè sùn sílé, kí ẹ̀mí rẹ̀ sì di ẹyẹ lóru. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní ẹlẹ́yẹ. Ní agbègbè Kétu, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni wọ́n ń jó láti fi tu àwọn ìyá wọ̀nyí lójú. Kì í ṣe Yorùbá nìkan. Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ya Nike, òrìṣà ìṣẹ́gun wọn, ní obìnrin abìyẹ́. Àwọn ará Yúróòpù ní àjẹ́ a máa gun ìgbálẹ̀ fò. Àwa Mùsùlùmí pàápàá ń ra àwòrán Búráákì tí ó ní ojú obìnrin, bẹ́ẹ̀ ohun tí àdíìsì sọ kò ju pé ẹranko funfun ni, tí ó ju kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ lọ, tí kò tó ìbaaka.

Bí ó bá jẹ́ ìtàn lásán, kò burú. Ìgbà tí a bá gbé ẹyẹ náà lé orí ìyá arúgbó kan ni ó di ìnilára.

OHUN TÍ ÌTÀN FI HÀN WÁ

Ní ọdún 1950, àwọn Àtíńgà gba ilẹ̀ Dàhòmì wọ ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní àwọn ń wá àjẹ́ jáde. Obìnrin, pàápàá àwọn àgbà, ni wọ́n ń nàka sí jù. Ẹni tí ó bá jiyàn, wọn a pa adìẹ, wọn a wo bí ó ṣe kú sí, wọn a sì fi ìyẹn dá a lẹ́jọ́. Ní 1951 ni ìjọba fòfin dè wọ́n. Ní Salem, ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 19 ni wọ́n so kọ́ ní 1692 nítorí ẹ̀sùn àjẹ́.

TA NI Ó KÉ?

Òwìwí ni. Eku ni oúnjẹ rẹ̀. Ibi tí a bá kó àgbàdo sí ni eku ń gbé, ibẹ̀ náà ni òwìwí ń wá. Ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀, kì í dún bí ó bá ń fò. Ó ń ké ní ọ̀pọ̀ òru tí ọmọ kankan kò kú, ṣùgbọ́n a kì í ka ìyẹn. Ibà àti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni ó ń pa ọ̀pọ̀ ọmọ wa.

OHUN TÍ ẸSÌN WÍ

A kò sọ pé kò sí sìhírì. Súrà Bákárà, áyà 102, sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì fi hàn pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi àyàfi pẹ̀lú ìyọ̀ǹda Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n Súrà Hujuráátì, áyà 12, kọ àbá dídá tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nínú ọmọ méje tí Ànábì wa bí (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), mẹ́fà ni ó kú lójú rẹ̀. Kò nàka sí ìyá arúgbó kankan. Nígbà tí Ibrahim kú tí oòrùn sì wọ òkùnkùn, tí àwọn ènìyàn so méjèèjì pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni ó sọ pé oòrùn kì í wọ òkùnkùn nítorí ikú ẹnikẹ́ni.

Òfin ìlú pẹ̀lú kò dákẹ́: abala 210 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ní kí ẹni tí ó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ ṣẹ̀wọ̀n, ó lè tó ọdún méjì.

Ẹ̀KỌ́ FÚN WA

1. Bí ọmọ bá ń ṣàìsàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì ka Fálákì àti Náásì.
2. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wòlíì tàbí ààfáà kankan dárúkọ ìyá yín fún yín.
3. Ẹ máa bẹ àwọn ìyá àgbà wò. Ẹni tí ó dá wà ni wọ́n ń fura sí jù.

Ìbéèrè fún ìjíròrò: Ta ni ẹ ti gbọ́ tí wọ́n pè ní àjẹ́ ní àdúgbò yín? Ẹ̀rí wo ni wọ́n mú wá?

Kí Ọlọ́hun ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.