Ẹyin Lohùn, Ẹ Má Jẹ́ Kó Fọ́ Sínú Kọ̀ǹpútà
Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu làwọn àgbà ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n ó bá ẹni tó ń gba orin tàbí ìwàásù sílẹ̀ mu gan-an. Ohun méjì ni kọ̀ǹpútà máa ń bi í: ìgbà mélòó ni kí n wọn ohùn yìí ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bíìtì mélòó ni kí n sì fi kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan? Ọ̀pọ̀ a kàn mú èyí tó tóbi jù nínú méjèèjì. Èmi ò gbà pé ọgbọ́n ni. Bíìtì ni kí ẹ fi ṣọlà. Ìwọ̀n 48,000 ti tó.

Etí tó mú jù kì í gbọ́ ohun tó bá ń gbọ̀n ju ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ti àgbàlagbà kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti wọn ohùn ju ìlọ́po méjì gbígbọ̀n tó yá jù nínú rẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ la ti mú. Kò sí ohun tó jábọ́ sáàárín ìwọ̀n kan àti èkejì. Ìdí nìyẹn tí CD, tó dọ́jà ní 1982, fi dúró sí 44,100. Fóònù tó ń wọn ohùn nígbà 8,000 ló ń pa nǹkan jẹ: "fà" àti "sà" a máa jọra níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ kì í sọnù, torí gbígbọ̀n tiwọn kò yá. Ní 2007, àwọn olùṣèwádìí méjì, Meyer àti Moran, gbé àbọ̀ ìdánwò kan jáde ní Amẹ́ríkà: wọ́n fi orin tó ju ti CD lọ gba inú ẹ̀rọ tó dín in kù sí 44,100 àti bíìtì 16, àwọn olùgbọ́ ò sì mọ ìyàtọ̀ ju ẹni tó ń méfò lọ. Ṣé sítúdíò ńlá kì í wá lo 96,000 ni? Wọ́n ń lò ó, pàápàá àwọn tó ń fa ohùn gùn fún fíìmù, ṣùgbọ́n fáìlì wọn wúwo ní ìlọ́po méjì ti 48,000.

Bíìtì kan ń fi nǹkan bíi dẹ́síbẹ́lì 6 kún àyè tó wà láàárín ariwo ẹ̀rọ àti òkè téńté: 16 fún wa ní 96, 24 fún wa ní 144. Ẹnìkan lè ní 16 ṣáà tó olùgbọ́. Ó tó o, nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí. Ẹni tó ń gba ohùn sílẹ̀ ni kò mọ ìgbà tí oníyàálù yóò já a mọ́lẹ̀. Bí ohùn bá kọjá òdo, ìyẹn òkè téńté tí ẹ̀rọ lè kọ, ẹ̀rọ á gé orí rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè so ó padà. Pẹ̀lú bíìtì 24, ẹ lè fi fólúùmù máìkì sílẹ̀ níbi tí ohùn tó le jù kò ti ní kọjá dẹ́síbẹ́lì -12, kí ariwo má sì yọjú. Ariwo jẹnẹrétọ̀ tó ń kùn lẹ́yìn ògiri ju ti bíìtì èyíkéyìí lọ. Kọ́tínnì tó nípọn àti máìkì gidi ni kí ẹ fi owó ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn nígbà 192,000 rà.